Tápẹ́ẹ̀tì Tó Ń Ké Nínú Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́: Ẹ Má Tíì Tú Ọkọ̀ Yín Palẹ̀

Bí ènìyàn bá ti pẹ́ nílùú òkèèrè, kò sí iṣẹ́ tí àwọn ará ilé kò lè bẹ̀ ẹ́. Ògbufọ̀ ni èmi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìwé òfin àti ìkéde ni mo máa ń túmọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú Jos níhìn-ín, wọ́n ti gbé ìwé dókítà wá bá mi rí, wọ́n ti gbé ìwé ilẹ̀ wá, wọ́n sì ti gbé lẹ́tà àna wá. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, bàbá kan tí í ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ìwé kan wá tí epo ti rin gbingbin. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ ni. Bàbá ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì mi ti kú. Mo fẹ́ kí o bá mi wò ó, bóyá ìwé yìí gbà pé ó kú."

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ àná. Pikọ́ọ̀pù Chevrolet C-10 ni, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1978. Sìlíńdà 8 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, tí wọ́n fẹ̀yìn síra wọn bí lẹ́tà V. 350 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, nítorí pé 350 íǹṣì kúbíìkì ni inú gbogbo sìlíńdà náà gbà, èyí tí í ṣe lítà 5.7. Àwọn àgbà yóò rántí pé ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni orílẹ̀-èdè wa kúrò ní apá òsì títì, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà, tí ìdarí rẹ̀ wà lápá òsì, ti bá ojú ọ̀nà wa mu. Ọ̀dùnkún òyìnbó àti tòmátì ni Bàbá ń fi tirẹ̀ kó wọ ọjà. Owó ibẹ̀ ni ó fi tọ́ ọmọ mẹ́fà.

Àìsàn wá dá Bàbá dùbúlẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Ní gbogbo àkókò yìí, abẹ́ igi máńgòrò ni ọkọ̀ wà. Nígbà tí ara Bàbá yá, wọ́n ra bátìrì tuntun, wọ́n fa epo tó ti bàjẹ́ nínú táǹkì dànù, wọ́n kíìkì í, ọkọ̀ sì dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ó ti dáhùn ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú rẹ̀, ko-ko-ko-ko, bí ẹyẹ àkókó tó ń sọ igi. Mẹkáníìkì tí wọ́n kọ́kọ́ pè tẹ́tí sí i, ó da gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan lé èyí tó wà níbẹ̀, ariwo náà sì tún le sí i. Ó wá dájọ́ pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì: a óò tú u palẹ̀, a óò gbé káńkì lọ fún àwọn tó ń lọ irin, a óò ra bérìn àti rìngì tuntun. Iye tí ó bù lé e ju iye tí ẹnikẹ́ni lè ra odidi ọkọ̀ náà lọ. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹni tó ń ra irin àlòkù fi dé pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀.

Mo sọ fún Bàbá pé èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bẹ, ará Ìlọrin, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òyìnbó inú ìwé náà ga jù fún un. Kí èmi máa kà, kí òun máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fi Sátidé mẹ́ta jókòó ti ọkọ̀ yìí. Nítorí pé mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́yìn odi ni ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo rò pé ó yẹ kí n kọ ohun tí a rí sílẹ̀.

OHUN TÍ TÁPẸ́Ẹ̀TÌ ŃṢE

Nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá kan wà tí a ṣe kókó-kókó sí lára, òun ni káḿṣáàfù. Bí káńkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, káḿṣáàfù a yí lẹ́ẹ̀kan. Kókó ara rẹ̀ a gbé tápẹ́ẹ̀tì sókè. Tápẹ́ẹ̀tì a ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí à ń pè ní pọ́ṣírọ́ọ̀dù. Pọ́ṣírọ́ọ̀dù a ti ìdí kan rọ́kà sókè, ìdí kejì rọ́kà a sì tẹ fáàfù mọ́lẹ̀ kí ó lè ṣí. Irin gbogbo ni ó ń wú bí ó bá gbóná. Nítorí náà, nínú lọ́rì Bedford àti Mercedes 911 tí àwọn bàbá wa wà káàkiri ilẹ̀ yìí, mẹkáníìkì ní láti fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín rọ́kà àti fáàfù, kí ó sì máa fi irin pẹlẹbẹ wọ̀n ọ́n láti ìgbà dé ìgbà. Àlàfo yẹn ni ó máa ń dún díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì wọn, kò sì sí ẹni tí í kà á sí àìsàn.

Ti Chevrolet yìí yàtọ̀. Ihò ni ó wà nínú tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, písítìnì kékeré kan wà nínú ihò náà, ọ́ìlì sì wà lábẹ́ písítìnì. Ọ́ìlì ń gba ojú ihò wẹ́wẹ́ wọlé láti ojú ọ̀nà ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó ń kọjá lára ọmọ bọ́ọ̀lù irin kan tí ó jẹ́ bí ìlẹ̀kùn tí kì í ṣí síta. Nígbà tí káḿṣáàfù bá gbé tápẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù a pa ojú ihò dé, ọ́ìlì a há sábẹ́ písítìnì, tápẹ́ẹ̀tì a sì dúró gbọnyin bí ẹni pé irin ni látòkè délẹ̀. Bí fáàfù bá ti padé, sípíríìnì a ti písítìnì sókè títí àlàfo gbogbo yóò fi tán, ọ́ìlì tuntun a sì wọlé rọ́pò èyí tó jò. Nípa báyìí, tápẹ́ẹ̀tì ń wọn ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dún. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun: ní 1930 ni Cadillac ti lo irú rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 16 kí ó má baà pariwo sí etí àwọn olówó. Chevrolet lò ó nínú V8 rẹ̀ kékeré láti 1955. 350 tiwa yìí sì jáde ní 1967.

Mo fi odidi alẹ́ kan wá orúkọ tí ó gún régé fún un ní Yorùbá. Mo kó oríṣi mẹ́ta lọ bá mẹkáníìkì wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ń pè é ní tápẹ́ẹ̀tì amu-ọ́ìlì. Mo fi tèmi sápò.

Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé ọ́ìlì kì í gbà kí a fún òun pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ a máa gbà. Bí afẹ́fẹ́ bá bá ọ́ìlì wọ inú tápẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ọ́ìlì kò bá dé ibẹ̀ rárá, tàbí tí písítìnì kékeré náà bá há, tàbí tí bọ́ọ̀lù kò bá pa ojú ihò dé mọ́, àlàfo ti dé nìyẹn. Irin ń lu irin, ẹyẹ àkókó sì ti dé.

KÍ A TÓ FỌWỌ́ KAN BỌ́Ọ̀TÙ

Ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì ni ìwé náà ní kí a kọ́kọ́ fà yọ. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ju bí lítà 4.7 lọ, pẹ̀lú èyí tí fílítà yóò mu. Nígbà tí a fa ọ̀pá yọ, ọ́ìlì ti kọjá àmì ìkún lọ jìnnà. Gálọ́ọ̀nù tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ dà sí i kò sàn fún un rárá. Ó tún dá kún àìsàn ni. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, káńkì a máa nà án bí obìnrin tó ń po ẹ̀kọ, yóò di ìfóòfó, ìfóòfó náà ni pọ́ǹpù yóò sì fi ránṣẹ́ sí tápẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá kéré jù, àbájáde kan náà ni, nítorí pọ́ǹpù yóò máa fa afẹ́fẹ́. A da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a pààrọ̀ fílítà, a wọn ọ́ìlì tuntun sí i. Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀. Kò lọ.

Lẹ́yìn èyí ni a yá mítà tí wọ́n fi ń wọn agbára ọ́ìlì. Òfin tí àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò fún irú ẹ́ńjìnnì yìí ni pé kí ó ní tó pọ́n-ún 10 lórí íǹṣì kan fún yíyí 1,000 kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, tí ó ń yí ní 2,000, mítà ka 35. Inú mẹkáníìkì wa dùn ju tèmi lọ, nítorí ó yé e kíákíá: ẹ́ńjìnnì tí bérìn rẹ̀ ti jẹ tán kò lè ní agbára ọ́ìlì bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n dá fún káńkì ti ń mì nìyẹn.

Ohun tí ó wá wú mi lórí jù lọ ni bí a ṣe ń ka ariwo. Mo ti wí pé káḿṣáàfù ń yí ní ìdajì ìyí káńkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 600 láàárín ìṣẹ́jú kan, bérìn káńkì tó ti jẹ yóò dún nígbà 600, ṣùgbọ́n tápẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kò lè dún ju 300 lọ, èyí tí í ṣe ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí etí tí yóò ka èyí geere. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n fi ń wo táímù ẹ́ńjìnnì, tí a bá so ó mọ́ wáyà plọ́ọ̀gì kìíní, ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń tàn ní ìyí méjì káńkì. Bí ariwo àti iná bá ń rìn pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti káńkì. Tiwa rìn pọ̀ bí ìlù àti ijó. A tún yọ wáyà plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan: bí ó bá jẹ́ bérìn ni, ariwo yóò yí padà nígbà tí sìlíńdà rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́. Kò yí padà.

Síbẹ̀, ìwé náà kì wá nílọ̀, mo sì gbóríyìn fún ẹni tó kọ ọ́. Kì í ṣe tápẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó ń dún ní ìdajì ìyí. Pọ́ǹpù epo ara ẹ́ńjìnnì yìí, káḿṣáàfù ni ó ń lù ú. Bákan náà, bí gáskẹ́ẹ̀tì manífóòdù eéfín bá bẹ́, tàbí tí bọ́ọ̀tù rẹ̀ bá ṣẹ́, eéfín yóò máa tú jáde tẹ-tẹ-tẹ, ohùn rẹ̀ a sì jọ ti tápẹ́ẹ̀tì tó bẹ́ẹ̀ tí àgbà mẹkáníìkì pàápàá fi lè ṣì í. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ti eéfín máa ń dínkù bí irin bá ti gbóná, tí ó sì fẹ̀, nítorí ojú ibi tó ń jò a fún pọ̀. A fi omi ọṣẹ ta gbogbo etí manífóòdù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Kò hó níbì kankan. A fi ẹnu sukurudíráfà gígùn kan pọ́ǹpù epo, a fi ìdí rẹ̀ sí etí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń pariwo lówùúrọ̀ kì í ṣe àìsàn. Tápẹ́ẹ̀tì tó bá wà lábẹ́ fáàfù tó ṣí sílẹ̀ mọ́jú, ọ́ìlì inú rẹ̀ a jò. Ní àwọn ìlú òkè bíi Jos tí ọyẹ́ ti ń mú gan-an, ọ́ìlì tó ki máa ń lọ́ra kí ó tó dé òkè. Èyí tó bá ń ké lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná ni kí ẹ bẹ̀rù.

ALÁǸGBÁ TÍ INÚ Ń RUN

Tápẹ́ẹ̀tì 16 ni ó wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí, gbogbo wọn ni ó jọra. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. A ṣí ìdérí tí ó bo àwọn rọ́kà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, mẹkáníìkì fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rọ́kà kọ̀ọ̀kan níhà pọ́ṣírọ́ọ̀dù, èyí tí fáàfù rẹ̀ bá ti padé. Èyí tó dára kì í gbà. Ti fáàfù ìwọlé sìlíńdà kẹta rọ̀ bí àkàrà, ó ń lọ sísàlẹ̀ kò sì padà. A tún kíìkì ọkọ̀, pẹ̀lú páálí tí a gé láti fi dá ọ́ìlì tó ń ta dúró, a sì ki irin pẹlẹbẹ bọ àárín rọ́kà náà àti fáàfù rẹ̀. Ariwo dákẹ́ lójijì. A yọ irin náà, ariwo dé. Ẹni tí à ń wá ni a ti rí yìí.

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé nọ́ọ̀tù orí rọ́kà ni ó tú díẹ̀. Bí ọ̀ràn bá rí bẹ́ẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ kò ná ni ní kọ́bọ̀. Ẹ yí káńkì títí sìlíńdà kìíní yóò fi dé góńgó ìfúnpọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ lè wọn fáàfù eéfín ti 1, 3, 4 àti 8, àti fáàfù ìwọlé ti 1, 2, 5 àti 7. Ẹ tún yí káńkì ní odidi ìyí kan, kí ẹ wá wọn èyí tó kù: eéfín ti 2, 5, 6 àti 7, ìwọlé ti 3, 4, 6 àti 8. Ẹ fi ìka méjì máa yí pọ́ṣírọ́ọ̀dù bí ẹ ti ń fún nọ́ọ̀tù. Ibi tí àlàfo bá ti tán gan-an, ẹ fi odidi ìyí kan kún un, kí ẹ sì dúró. Ẹ má ṣe fún un jù, nítorí fáàfù tí kò padé yóò jó. A ṣe gbogbo èyí fún tiwa. Tápẹ́ẹ̀tì kẹta kò gbọ́ràn. Ó kù kí a yọ ọ́.

Ibí ni ọkọ̀ yìí ti ń fi ojú ènìyàn rí màbo. Kò sí bí a ṣe lè dé ìdí tápẹ́ẹ̀tì láìyọ manífóòdù òkè: omi rédíétọ̀ yóò jáde, kabúrétọ̀ yóò kúrò, dísítríbútọ̀ yóò kúrò, a sì gbọ́dọ̀ sàmì sí ibi tí ó kọjú sí. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó mú pákó kan tí ó lu ihò 16 sí i, tí ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ihò kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìwé náà wí pé kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ wọn, òun kò sì fẹ́ àṣìṣe. Òtítọ́ ni. Ìdí tápẹ́ẹ̀tì wú díẹ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí, kókó káḿṣáàfù sì dagun díẹ̀, kí tápẹ́ẹ̀tì lè máa yí bí ó ti ń gòkè. Olúkúlùkù ti jẹ ara rẹ̀ bá kókó tirẹ̀ mu. Bí a bá gbé e sórí ti ẹlòmíràn, méjèèjì ni yóò bàjẹ́.

Nígbà tí a tú èyí tó ń ké, písítìnì rẹ̀ kò lè yọ. Ọdún méjì abẹ́ máńgòrò ti sọ ọ́ìlì inú rẹ̀ di nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó lẹ̀ bí oje igi. A rì í sínú kẹrosíìnì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ó tó gbà. Ìdọ̀tí kan tí kò tó hóró ìyanrìn ni a bá lábẹ́ bọ́ọ̀lù. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fẹ́ ta ọkọ̀ fún onírin àlòkù nìyẹn. A fọ̀ ọ́, a kò fi àkísà nù ún kí òwú má baà wọ inú rẹ̀, a kò sì da písítìnì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti òmíràn, nítorí ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi lọ tòun ti ilé rẹ̀.

Kẹrosíìnì yẹn, nínú abọ́ ni ó ti dára. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan máa ń dà á sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kí ó lè fọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí ọgbọ̀n ọdún yóò ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, yóò lọ dí ẹnu pọ́ǹpù ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì tí kò kú tẹ́lẹ̀ yóò sì kú ní tòótọ́.

Kí a tó dá dísítríbútọ̀ padà, mẹkáníìkì ti irin gígùn bọ ihò rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu igi, ó sì fi yí pọ́ǹpù ọ́ìlì títí ọ́ìlì fi ń yọ lórí gbogbo rọ́kà. Lẹ́yìn náà ni Bàbá kíìkì. Ó ké fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, àyà mi já. Ó sì dákẹ́. Kò sí ohun tí a gbọ́ mọ́ àfi fáànù. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn igi máńgòrò, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ kí ó tó padà wá.

OHUN TÍ A KÒ FI PAMỌ́ FÚN BÀBÁ

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí. Nígbà tí a to tápẹ́ẹ̀tì 16 sórí pákó, ìdí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wú bí ó ti yẹ. Ti fáàfù eéfín sìlíńdà kẹjọ ti jin bí àwo. Èyí kò tíì ké, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹ kókó káḿṣáàfù, kókó náà sì ti ń jẹ òun. Kò sí fífọ̀ fún irú èyí. Káḿṣáàfù tuntun àti tápẹ́ẹ̀tì tuntun 16 ni òògùn rẹ̀, nítorí tápẹ́ẹ̀tì àlòkù kò gbọdọ̀ bọ́ sórí káḿṣáàfù tuntun. Lọ́jọ́ tí a bá sì kọ́kọ́ kíìkì í, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí 2,000 fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, kí ojú wọn lè mọ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ irú ọ́ìlì tún wà níbẹ̀. Èròjà kan tí ó ní zinc àti phosphorus ni ó ń dáàbò bo ibi tí tápẹ́ẹ̀tì àti káḿṣáàfù ti ń ha ara wọn. Láti 2004 tí ìwọ̀n tí à ń pè ní SM ti dé ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti dín phosphorus kù nínú ọ́ìlì tó ṣàn bíi 5W-30 sí 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó má baà ba ohun tí ń yọ oró kúrò nínú eéfín ọkọ̀ ìgbàlódé jẹ́. Ọ́ìlì náà dára fún ọkọ̀ tuntun. Fún ẹ́ńjìnnì 1978 tí tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ha káḿṣáàfù ní ìdí pẹlẹbẹ, kò tó. Èyí tó ki bíi 20W-50 tàbí 15W-40 kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ẹ ka ara agolo rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

A ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Bàbá. Ó ní, "Ṣé ó lè gbé ọ̀dùnkún dé ọjà?"

Mẹkáníìkì ní, "Ó lè gbé e, Bàbá."

"Fún ìgbà wo?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò dá ọjọ́ fún un. Ó ní nígbàkígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ọ́ìlì, òun yóò gé fílítà àtijọ́ sí méjì, òun yóò tú bébà inú rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn. Bí ó bá mọ́, kí Bàbá máa lọ; bí ó bá ń dán bí wúrà tàbí fàdákà, kí ó gbé ọkọ̀ dúró lọ́jọ́ náà gan-an kí irin wẹ́wẹ́ má baà dé bérìn. Wọ́n ti gé méjì báyìí. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó yẹ bébà náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú kan dé ojú kejì. Kò tíì rí ohun tó ń dán. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó káḿṣáàfù sínú agolo mílíìkì kan lábẹ́ àga ọkọ̀.